Kí ló ń dí àlàáfíà lọ́wọ́ láàrin Ísírẹ́lì àti Palẹ́sítínì?

Ìbéèrè:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí i. Nílé wa, tí ìròyìn Gásà bá ti jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, ariwo dé nìyẹn. Ọkọ mi ní Ọlọ́run ti fi ilẹ̀ náà fún Ísírẹ́lì nínú Bíbélì, ẹjọ́ ti tán. Àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ní wọ́n jí ilẹ̀ onílẹ̀ ni, kí wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo bi wọ́n: kí ló dé tí wọn ò lè pín in sí méjì kí kálukú máa gbé tiẹ̀? Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí, kí gan-an ló ń dí i lọ́wọ́?

* * *

Màmá, ẹ kú ìbéèrè. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ìjà Ísáákì àti Íṣímáẹ́lì nìyí, pé ó ti wà láti ayé Ábúráhámù, nítorí náà kò lè tán láé. Mi ò fara mọ́ ọn. Fún nǹkan bí irinwó ọdún tí Ottoman fi jọba níbẹ̀, Júù, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ gbé ní Jerúsálẹ́mù, Hébúrónì àti Safed. Òfin ò sọ wọ́n di ọgbọọgba, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n ń para wọn lójoojúmọ́ nítorí ilẹ̀. Ìjà tí à ń wò yìí bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn Júù tó ń sá fún ìyà ní Yúróòpù ń wọlé wá pẹ̀lú èrò àtidá orílẹ̀-èdè tiwọn sílẹ̀, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ṣèlérí ní 1917 pé òun á tì wọ́n lẹ́yìn, lórí ilẹ̀ tí àwọn Lárúbáwá ti pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì nígbà náà.

Ohun tí ẹ béèrè, pé kí wọ́n pín in sí méjì, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò fún un ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1947. Àwọn aṣáájú Júù gbà á. Àwọn Lárúbáwá kọ̀ ọ́, torí wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi àwọn léèrè kí wọ́n tó gé ilẹ̀ àwọn. Ogun bẹ́ sílẹ̀. Nígbà tó máa fi parí, Ísírẹ́lì ti dúró, nǹkan bí 700,000 ará Palẹ́sítínì ló sì ti pàdánù ilé wọn. Àwọn kan sá, wọ́n lé àwọn mìíràn, wọn ò sì jẹ́ kí wọ́n padà. Àwọn Júù tó dá Ísírẹ́lì sílẹ̀ náà, ọdún mẹ́ta péré ni lẹ́yìn tí Hitler pa mílíọ̀nù mẹ́fà nínú wọn. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ kan náà fi jẹ́ ọjọ́ ìgbàlà fún àwọn kan, tó sì jẹ́ ọjọ́ àjálù fún àwọn yòókù. Ní 1967, nínú ogun ọjọ́ mẹ́fà, Ísírẹ́lì gba Gásà, ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù, àti West Bank, ìyẹn ilẹ̀ tó wà ní ìwọ̀-oòrùn odò Jọ́dánì. Láti ìgbà yẹn, orí àwọn ibi wọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ pínpín dá lé.

Èrò tèmi nìyí, màá sì máa padà sórí rẹ̀: kì í ṣe pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe lè pín in. Wọ́n ti ya àwòrán ilẹ̀ náà lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó ń pa á ni ìdádúró. Àwọn tí agbára wà lọ́wọ́ wọn kì í pàdánù nǹkan kan tí wọ́n bá sún ọ̀rọ̀ síwájú, àwọn tó ń kú sì ni kò lágbára láti mú un yá.

* * *

Ẹnìkan kọ ọ́ pé: “Ṣebí Rabin àti Arafat ti bọ ara wọn lọ́wọ́ níwájú Clinton? Kí ló wá bà á jẹ́?”

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ gan-an ni kí a dúró sí. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993 ni Rabin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, àti Arafat, aṣáájú PLO, ẹgbẹ́ tó ń jà fún Palẹ́sítínì, bọwọ́ ní Washington, lẹ́yìn ìpàdé ìkọ̀kọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ní Oslo. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n kọ lẹ́tà sí ara wọn. Arafat kọ ọ́ lórúkọ ẹgbẹ́ PLO pé àwọn gbà pé Ísírẹ́lì lẹ́tọ̀ọ́ láti wà ní àlàáfíà àti ààbò. Rabin dá a lóhùn pé Ísírẹ́lì gbà pé PLO ni aṣojú àwọn ará Palẹ́sítínì. Ẹ tún un kà. Ẹgbẹ́ gba orílẹ̀-èdè, orílẹ̀-èdè gba ẹgbẹ́. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé orílẹ̀-èdè Palẹ́sítínì ń bọ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tó le jù, ìyẹn Jerúsálẹ́mù, àwọn ogúnléndé, ìletò tí àwọn Júù kọ́ sórí ilẹ̀ tí wọ́n gbà ní 1967, ààlà, àti ètò ààbò, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n so kọ́. Wọ́n ní kí ọdún márùn-ún ìgbà díẹ̀ tó pé, àwọn á ti yanjú wọn. Ìrètí wọn ni pé ní ọdún márùn-ún náà, àwọn èèyàn á ti kọ́ bí wọ́n ṣe lè fọkàn tán ara wọn.

Mi ò gbà pé ẹ̀tàn ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí àwọn kan ṣe ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ọdún márùn-ún náà mú wá. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 1994, Júù kan tó ń jẹ́ Baruch Goldstein yìnbọn fún àwọn tó ń kírun ní mọ́sálásí Ibrahimi ní Hébúrónì, ó pa 29. Hamas, ẹgbẹ́ Mùsùlùmí tó ń gbé ìbọn ní Palẹ́sítínì, tí kò fẹ́ àdéhùn náà rárá, ń rán àwọn ọ̀dọ́ tó di bọ́ǹbù mọ́ra wọ bọ́ọ̀sì láàrin àwọn ará ìlú. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá ọdún 1995, Yigal Amir, Júù bíi ti Rabin, yìnbọn pa Rabin níbi ìpéjọ àlàáfíà ní Tel Aviv. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1996, bọ́ǹbù tún ń dún ní Jerúsálẹ́mù àti Tel Aviv. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Netanyahu tó ta ko Oslo fi ìbò díẹ̀ borí Peres, ẹni tó rọ́pò Rabin.

Bí ẹ bá fi ohun tó ṣe pàtàkì jù sí ìparí, ẹ ti fún gbogbo ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́ ní àkókò tó pọ̀ tó. Ìbọn kan ṣoṣo tó.

* * *

Lórí ìletò Júù, àwọn méjì ti ń bára wọn fà á nísàlẹ̀ yìí. Ọ̀kan ní: “Ilé lásán ni. Bí àdéhùn bá dé, wọ́n á wó o, ṣebí wọ́n wó ti Gásà ní 2005.” Èkejì ní ìletò nìkan ni ìṣòro, kò sí mìíràn.

Èmi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn. Àwọn tí wọ́n kó kúrò ní Gásà tó nǹkan bí 8,000, láti ìletò 21, àwọn ọmọ ogun sì fà wọ́n jáde tẹkúntẹkún. Ní West Bank, àwọn tó ń gbé nínú ìletò nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí Oslo tó nǹkan bí 110,000. Lónìí wọ́n ti ju 500,000 lọ, ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù tí ó ní ju 200,000 lọ kò sí nínú iye yẹn. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀ ti di ẹni tó ń dìbò, àwọn mínísítà wà láàrin wọn. Smotrich tó ń mójú tó owó Ísírẹ́lì, inú ìletò ló ń gbé.

Àdéhùn kejì tí wọ́n ṣe ní 1995 ló pín West Bank sí ọ̀nà mẹ́ta: A, B àti C. C, tí Ísírẹ́lì ń ṣàkóso pátápátá, tó nǹkan bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ náà. Ìgbà díẹ̀ ni wọ́n pè é, ó yẹ kí wọ́n ti máa dá a padà díẹ̀díẹ̀. Ó wà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ará Palẹ́sítínì tó bá fẹ́ kọ́ yàrá kún ilé rẹ̀ ní C gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba ológun, wọn kì í sì í sábà fún un. Bó bá kọ́ ọ láìgbàṣẹ, katapílà ń bọ̀. Kànga tí wọ́n fi ń gbe omi òjò pàápàá, wọ́n ti wó lára rẹ̀. Lórí òkè kejì, ilé ìletò ń ga sí i, ọ̀dà títì rẹ̀ ń dán.

Gbogbo wa la mọ ẹjọ́ ilẹ̀ nílé wa. Bí ọ̀rọ̀ bá wà ní kóòtù, tí ẹnìkejì ń da kọnkéré lójoojúmọ́ tó sì ń sọ fún adájọ́ pé òun ṣe tán láti jíròrò, ẹni tí wọ́n ń kọ́lé lé lórí kò ní gbà á gbọ́ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́kàn àwọn ará Palẹ́sítínì, n kò sì lè dá wọn lẹ́bi fún ìyẹn. Kóòtù Àgbáyé ní Hague sọ ní oṣù Keje ọdún 2024 pé bí Ísírẹ́lì ṣe jókòó sórí àwọn ilẹ̀ náà ta ko òfin. Ní oṣù yẹn kan náà, ilé aṣòfin Ísírẹ́lì dìbò 68 sí 9 pé àwọn ò fẹ́ orílẹ̀-èdè Palẹ́sítínì. Kí èèyàn má ṣe sọ pé ilé lásán ni.

* * *

“Wọ́n fi Gásà sílẹ̀, kí ni wọ́n rí gbà? Rọ́kẹ́ẹ̀tì!” Ẹni tó kọ èyí bínú, ìbéèrè rẹ̀ sì yẹ fún èsì gidi.

Òótọ́ ni. Ní Sderot, ìlú Ísírẹ́lì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gásà, bí ìdágìrì bá dún, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òbí ní láti gbá ọmọ mú kó sì sáré wọ ibi ààbò. Wọ́n kọ́ ibi ààbò sí ibùdókọ̀, wọ́n kọ́ ọ sí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré. Ọmọ tó dàgbà báyìí, ẹ má sọ fún un pé ìbẹ̀rù rẹ̀ jẹ́ ìtànjẹ. Ibi tí ilẹ̀ Ísírẹ́lì ti tín-ín-rín jù, láti ààlà West Bank dé etí òkun, kò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Orí àwọn òkè West Bank ni èèyàn ti lè rí Tel Aviv. Bí wọ́n bá rántí Gásà, wọ́n á bi ara wọn pé bí rọ́kẹ́ẹ̀tì bá ti ibẹ̀ wá ńkọ́?

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà fi Gásà sílẹ̀ ló yẹ kí a wò. Sharon, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, ò bá Abbas, olórí àwọn ará Palẹ́sítínì, ṣe àdéhùn kankan. Ó kó èèyàn rẹ̀ jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ti ń sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń yanjú nǹkan kò rí nǹkan kan fi han èèyàn wọn; Hamas wá ń pariwo pé ìbọn òun ló lé wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2006, Hamas mú ìjókòó 74 nínú 132 nínú ìdìbò. Ní 2007 wọ́n fi ìbọn lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Fatah, ìyẹn ẹgbẹ́ Abbas, kúrò ní Gásà. Ísírẹ́lì àti Íjíbítì ti ẹnubodè. Ó ju mílíọ̀nù méjì èèyàn lọ tó há sórí ilẹ̀ tó gùn ní nǹkan bí 40 kìlómítà. Láti ìgbà náà Palẹ́sítínì di ìjọba méjì tó kórìíra ara wọn, èyí sì tẹ́ àwọn kan lọ́rùn ní Jerúsálẹ́mù, torí wọ́n lè máa sọ pé kò sẹ́ni tí àwọn máa bá sọ̀rọ̀. Láti 2018, ìjọba Netanyahu ń gbà kí owó Qatar máa wọ Gásà kí ibẹ̀ lè rọlẹ̀. Wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa máa lọ.

Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ 7 oṣù Kẹwàá ọdún 2023 dé. Hamas àti àwọn tó bá wọn lọ pa nǹkan bí 1,200 èèyàn, ará ìlú ló pọ̀ jù, wọ́n kó 251 nígbèkùn. Wọ́n pa Vivian Silver sínú ilé rẹ̀ ní Be'eri, obìnrin tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún àlàáfíà pẹ̀lú àwọn ará Palẹ́sítínì. Mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan tí mo lè fi wẹ̀ ẹ́ mọ́. Mi ò sì ní ọ̀rọ̀ tí mo lè fi wẹ ohun tó tẹ̀ lé e ní Gásà mọ́: àwọn òkú ju 70,000 lọ gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ ìlera ibẹ̀ ṣe kà á, ọmọdé pọ̀ nínú wọn jọjọ, ọ̀pọ̀ ìdílé parẹ́ látòkèdélẹ̀, ebi ń pa àwọn tó kù. Ẹni tó bá ń sunkún fún ẹgbẹ́ kan ṣoṣo nínú méjèèjì, ẹ jẹ́ kó sunkún, ṣùgbọ́n kó má sọ pé òun ń wá àlàáfíà.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀, torí ẹnìkan béèrè bóyá mo ti dé ibẹ̀ rí, àbí ìwé ni mo kà.

Mo bá àwọn arìnrìnàjò ìpínlẹ̀ wa lọ sí Jerúsálẹ́mù, ìrìnàjò tí wọ́n fi ń sọ èèyàn di JP. Bọ́ọ̀sì wa kọjá lára ògiri láti wọ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Sójà kan wọlé, ó wo ojú wa, ó sọ̀kalẹ̀, a kọjá. Lápá kejì, àwọn ọkùnrin tò sínú ọgbà irin tóóró pẹ̀lú ìwé àṣẹ lọ́wọ́. Ẹni tó ta ère igi ólífì fún wa ní àgbélébùú lọ́rùn. Àwọn ìyá nínú ẹgbẹ́ wa bi í bóyá ó ti di àtúnbí, ó ní ìdílé àwọn ti jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ṣáájú kí Yúróòpù tó gbọ́ orúkọ Jésù. Kìlómítà tí kò tó mẹ́wàá ni ibojì Jésù sí ilé rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ gbàṣẹ kó tó lọ síbẹ̀ láti gbàdúrà lọ́jọ́ Àjíǹde. Ọdọọdún kọ́ ni wọ́n ń fún un. Màmá, ẹ bá mi sọ èyí fún ọkọ yín: àwọn ará Palẹ́sítínì tó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì wà, wọ́n sì ń jọ́sìn ní ṣọ́ọ̀ṣì Bẹ́tílẹ́hẹ́mù.

Obìnrin Júù tó ń mú wa káàkiri Jerúsálẹ́mù fi Òpópónà Jaffa hàn wá. Ibẹ̀ ni bọ́ǹbù ti fọ́ bọ́ọ̀sì onínọ́ńbà 18 nígbà méjì láàrin ọ̀sẹ̀ kan ní 1996. Ó ní ó jẹ́ bọ́ọ̀sì tí òun ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, pé láti ìgbà yẹn, bí òun bá wọ bọ́ọ̀sì, òun máa ń wo ẹ̀wù ẹni tó bá wọlé. Láàárọ̀ ni a gbọ́ ti onígi ólífì, lọ́sàn-án a gbọ́ tirẹ̀. Àwọn méjèèjì ò lè pàdé. Pátákó pupa ńlá wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn ìlú tó wà ní A, apá tí àwọn ará Palẹ́sítínì ń ṣàkóso, tó ń kìlọ̀ fún ará Ísírẹ́lì pé òfin ò gbà kí ó wọlé àti pé ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Ọkùnrin yẹn, Júù tó mọ̀ jù ni sójà. Ọmọ obìnrin yẹn, ará Palẹ́sítínì tó ń rí ni èyí tí tẹlifíṣọ̀n bá fi hàn án.

* * *

“Kí ló dé tí Abbas ò ṣe nǹkan kan?”

Wọ́n dìbò yan Abbas ní oṣù Kìíní ọdún 2005 fún ọdún mẹ́rin. Ó ṣì wà níbẹ̀, ó ti pé 90 ọdún. Ìdìbò aṣòfin kò tún wáyé láti 2006. Èyí tí wọ́n fẹ́ ṣe ní 2021, ó sún un síwájú. Mo ka àwọn tó ń gbèjà rẹ̀, wọ́n ní Ísírẹ́lì ò jẹ́ kí ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù dìbò. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé òun máa fìdí rẹmi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rẹ̀ fúnra wọn fẹ́ kó kúrò. Aṣáájú tí kò sẹ́ni tó yàn án mọ́ kò lè fọwọ́ sí ìwé tí gbogbo ìlú máa tẹ̀ lé.

Owó náà tún ń bẹ. Lábẹ́ àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1994, Ísírẹ́lì ló ń gba owó ibodè lórí ọjà tó ń wọ Palẹ́sítínì, òun ló sì ń kó o fún wọn. Apá tó pọ̀ jù nínú owó tí ìjọba Abbas ń ná nìyẹn. Bí ìjà bá dé, Ísírẹ́lì á dì í mú, olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì á gba ààbọ̀ owó oṣù. Ísírẹ́lì náà ní ẹ̀sùn tó nítumọ̀: ìjọba Abbas ń san owó fún ìdílé àwọn tó wà lẹ́wọ̀n Ísírẹ́lì, títí kan àwọn tó pa ará ìlú. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, Abbas kéde pé òun á fòpin sí ètò yẹn. Ó yẹ kó ti ṣe é tipẹ́.

* * *

Arákùnrin tó kọ ọ́ pé kí àwọn ogúnléndé “lọ bá àwọn Lárúbáwá ẹgbẹ́ wọn”, ẹ gbà mí láyè kí n ta kò yín gidigidi. Wọn kì í ṣe ẹrù. Àwọn tí UNRWA, àjọ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ fún àwọn ogúnléndé Palẹ́sítínì, kọ orúkọ wọn sílẹ̀ súnmọ́ mílíọ̀nù mẹ́fà, àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tó kúrò nílé ní 1948. Àwọn ìdílé kan ṣì ní kọ́kọ́rọ́ ilé bàbá wọn lọ́wọ́. Ní Lẹ́bánónì wọn ò lè ṣe ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lábẹ́ òfin.

Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ padà sínú Ísírẹ́lì, tí kò sì sí àdéhùn mìíràn, òun náà ń ti ilẹ̀kùn. Láàrin odò Jọ́dánì àti òkun, àwọn Júù tó nǹkan bíi mílíọ̀nù méje, àwọn Lárúbáwá náà tó bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn Júù yẹn, ọ̀pọ̀ ni òbí wọn ti Ìráàkì, Yẹ́mẹ́nì àti Mòrókò wá, lára nǹkan bí 800,000 tó kúrò ní ilẹ̀ Lárúbáwá lẹ́yìn 1948. Àwọn náà fi ilé sílẹ̀, wọn ò sì níbi tí wọ́n máa padà sí.

Ohun tí Clinton gbé kalẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni mo fara mọ́ jù. Orílẹ̀-èdè Palẹ́sítínì tuntun ló máa jẹ́ ilé fún ẹni tó bá fẹ́ padà. Àwọn kan á lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ísírẹ́lì á gba iye tó bá fẹ́. Wọ́n á sanwó fún ohun tí èèyàn pàdánù. Ní Jerúsálẹ́mù, àdúgbò Lárúbáwá á jẹ́ ti Palẹ́sítínì, àdúgbò Júù á jẹ́ ti Ísírẹ́lì. Nínú West Bank, 94 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún á jẹ́ ti Palẹ́sítínì, wọ́n á fi ilẹ̀ mìíràn dí díẹ̀ lára èyí tó kù. Àwọn méjèèjì gbà á, wọ́n sì fi “ṣùgbọ́n” sí i. Ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ dọ́gba níbi ìpàdé Taba ní Íjíbítì ní oṣù Kìíní ọdún 2001, ìdìbò Ísírẹ́lì sì ti kù fẹ́ẹ́rẹ́. Sharon wọlé, ìdìde kejì àwọn ará Palẹ́sítínì, tí wọ́n ń pè ní Intifada, tó ti bẹ̀rẹ̀ ní 2000 ń jó lọ, nǹkan bí 1,000 ará Ísírẹ́lì àti nǹkan bí 3,000 ará Palẹ́sítínì ló bá a lọ.

Ní 2008, Olmert, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà náà, fi àwòrán ilẹ̀ tó tún sún mọ́ ọn han Abbas. Kò gbà kí ó mú un lọ wò. Olmert fúnra rẹ̀ ti kéde pé òun á fipò sílẹ̀ torí ẹ̀sùn ìwà ìbàjẹ́. Ìgbà gbogbo ló jẹ́ pé ẹni tó máa fọwọ́ sí i ti ń jáde lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ tún wo bí ìgboyà ṣe ń ná ni lówó. Safed ni wọ́n bí Abbas sí. Ní 2012 ó sọ lórí tẹlifíṣọ̀n Ísírẹ́lì pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti rí Safed, kì í ṣe láti gbé ibẹ̀. Wọ́n dáná sun àwòrán rẹ̀ ní Gásà, ó sì yára sọ pé èrò ara òun nìkan lòun sọ.

* * *

Alfa tó ní mò ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹ̀sìn ò sí níbẹ̀, ẹ ṣeun. Ó wà níbẹ̀. Hamas kọ ọ́ sínú ìwé ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 1988 pé ilẹ̀ Mùsùlùmí ni gbogbo rẹ̀ títí ayé. Yigal Amir gbà pé òfin Ọlọ́run lòun fi pa Rabin. Lórí òkè tí mọ́sálásí Al-Aqsa wà, tó jẹ́ ibi tí Tẹ́ńpìlì wà látijọ́, àṣà tí wọ́n gbà ni pé Mùsùlùmí ń kírun, Júù lè ṣèbẹ̀wò ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ gbàdúrà, àjọ Waqf tó wà lábẹ́ Jọ́dánì ló ń bójú tó o. Ben-Gvir, mínísítà Ísírẹ́lì, ń lọ gbàdúrà níbẹ̀ lójú ayé. Iná ló ń tàn.

Ibi tí a ti yà síra ni pé ẹ gbà pé ẹ̀sìn ló dá a sílẹ̀. Lójú mi, ẹ̀sìn ń gba àyè tí òṣèlú fi sílẹ̀ lófo. Begin, olórí ìjọba Ísírẹ́lì nígbà kan, jẹ́ ẹni tó di Bíbélì mú ṣinṣin, ó sì dá gbogbo Sinai padà fún Íjíbítì nítorí àdéhùn 1979, torí pé Sadat, ààrẹ Íjíbítì, fún un ní ohun tó nítumọ̀, tí Amẹ́ríkà sì dúró tì wọ́n. Wọ́n pa Sadat ní 1981 nítorí rẹ̀. Àdéhùn náà ṣì dúró.

* * *

Ẹnìkan béèrè bóyá àwa ní Nàìjíríà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. A ní, díẹ̀. Láti 1988 ni Nàìjíríà ti gba Palẹ́sítínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2014, ìwé kan wá síwájú Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ní kí Ísírẹ́lì kúrò lórí ilẹ̀ náà kí 2017 tó parí. Ìbò mẹ́sàn-án ló nílò, mẹ́jọ ló rí. Nàìjíríà, tó wà nínú ìgbìmọ̀ náà nígbà yẹn, kò dìbò síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún. Amẹ́ríkà ti dìbò ta kò ó, nítorí náà ìbò wa ò bá má gbà á là. Síbẹ̀, a sọ ohun kan lẹ́nu, a ṣe òmíràn lọ́wọ́, bí ọ̀pọ̀ ìjọba ṣe ń ṣe. Sísún un síwájú kò ná àwa náà ní nǹkan kan.

* * *

Màmá, ẹ padà wá béèrè ohun tí ẹ lè máa wò nínú ìròyìn, yàtọ̀ sí ariwo.

Ìdáwọ́-ìjà-dúró bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọ́n dá àwọn ẹni ìgbèkùn tó wà láàyè padà. Ìwé tí Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò fọwọ́ sí ní oṣù Kọkànlá dárúkọ orílẹ̀-èdè Palẹ́sítínì bí ohun tí ọ̀nà lè ṣí sí lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Kò dá ọjọ́ kankan. Oslo náà fi ohun tó ṣe pàtàkì jù sí ìparí, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi ò fi balẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ẹnìkan máa dá ọjọ́ sí i. Ẹ wo ẹni tó máa gba ìbọn lọ́wọ́ Hamas, torí bí ìbọn bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn, kò sí olórí ìjọba Ísírẹ́lì tó máa fi òkè kan sílẹ̀ ní West Bank. Ẹ wò ó bóyá Palẹ́sítínì máa dìbò.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ tó yẹ náà wà. Láti 1995, àwọn ìdílé Júù àti Palẹ́sítínì tí wọ́n ti pa ẹni wọn ń jókòó papọ̀ nínú ẹgbẹ́ Parents Circle, wọ́n ń lọ sí ilé ìwé láti sọ̀rọ̀ fún àwọn ọmọ. Wọn ò dáwọ́ dúró lẹ́yìn 2023. Ẹ̀mí wọn le ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n wọn kì í fọwọ́ sí àdéhùn, wọn ò sì ní katapílà.

Èyí tí mò ń ṣọ́ jù ni ibì kan tí wọ́n ń pè ní E1, láàrin ìlà-oòrùn Jerúsálẹ́mù àti ìletò Ma'ale Adumim. Ó ti pẹ́ tí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti ń bẹ Ísírẹ́lì pé kó má kọ́lé síbẹ̀, torí bó bá kọ́ ọ, ọ̀nà tó so Ramallah ní àríwá pọ̀ mọ́ Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ní gúúsù máa gé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ ọ, Smotrich sì sọ gbangba pé ète rẹ̀ ni láti sin èrò orílẹ̀-èdè Palẹ́sítínì. Bí ẹ bá gbọ́ pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ síbí, èmi náà á máa wò ó.